Ọmọ Ehoro Tí Kò Tó Àtàǹpàkò

Ọmọbìnrin náà fi sírinjì kán mílíìkì sí ọmọ ehoro tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ọmọ ehoro náà kò tó àtàǹpàkò. Mílíìkì náà ṣàn jáde padà.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o," ni àbúrò bàbá rẹ̀, tó ni ilé ehoro náà, wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé aláìsàn yín ti jẹun?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀. Ó ń jìyà."

"Ta ló fi ìyà ọ̀hún jẹ ẹ́?"

Ọmọbìnrin náà tún fa mílíìkì sínú sírinjì. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì nítorí àwọn ehoro Bọ̀dá tó ń tọ́jú: "Ehoro tó tóbi bí àgbò! Mú èyí tó kéré jọjọ wá, àbí agbára ẹ ò ká a ni?" Bọ̀dá ní irú ehoro kúkúrú kan tí kì í tóbi, ó sì ti kìlọ̀ pé akọ kúkúrú kò gbọdọ̀ gun abo kúkúrú. Ọmọbìnrin náà kó wọn pọ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ehoro pé akọ ńlá ló gun abo náà.

Abo náà bí mẹ́jọ. Mẹ́fà sanra, méjì dà bí èkúté tí a bó láwọ. Bọ̀dá yọjú wo àpótí tí wọ́n wà lẹ́ẹ̀kan péré.

"Irọ́ ẹ ò tiẹ̀ pé ogún ọdún, oṣù kan ni òtítọ́ fi bá a," ló wí. "Ohun tó ń sọ wọ́n di kúkúrú, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ọlẹ̀ tó bá jogún ẹ̀ lára òbí kan, á kúrú, á sì yè. Èyí tó bá jogún ẹ̀ lára méjèèjì, inú ìyá ẹ̀ ni kò ti ní dàgbà tó. Kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láyé. Ìwọ ni wàá máa fún wọn lóúnjẹ."

"Kí ni oúnjẹ fẹ́ ṣe fún wọn?"

"Kò sí. Ìwọ ni mo ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́."

Ọ̀kan ti kú lánàá. Eléyìí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ na ẹsẹ̀, ó yanu, kò dún, ó gan, ó sì kú.

Ọmọbìnrin náà wa ilẹ̀, ó sin ín, ó fọ sírinjì. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran yìí.

"Ṣé kí n wá lọ́la, Bọ̀dá?"

"Rárá. Ẹni tó ń kọ irọ́ ò lè tọ́jú ẹran mi."

Ó gbé báàgì ilé ìwé rẹ̀, ó ń lọ. Ó wá mọ̀ ọ́n báyìí: ẹni tó bá parọ́ nítorí àti tẹ́ ọ̀rẹ́ lọ́rùn, àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni ìyà rẹ̀ ń kọ́kọ́ jẹ.