Wọ́n Ní Kí Màmá Múra

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́, mi ò bù mọ́ ọn.

Kòfowórọlá ni mí. Èmi àti Màmá nìkan ló kù nílé wa ní Ìwó látìgbà tí Bàbá ti kú. Mi ò sunkún. Àwọn ará ìjọ ní mo láyà. Irọ́ ni. Ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Bàbá ló kọ́ mi ní ṣẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ọwọ́ mi ò rí nǹkan ṣe mọ́, mo wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í kánjú níbẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń fún èèyàn láti ta ẹ̀ẹ̀kan. Mi ò sọ ìlú mi, mi ò sọ ilé mi.

Ẹnìkan pè mí síjà. Kò ní àwòrán. Dúró ló pe ara rẹ̀. Ọmọ ogun tó wà létí pátákó ló kọ́kọ́ tì síwájú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Mi ò kà á sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá wọlé lọ sùn. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kú. Gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́. Fóònù mi dún.

“Wọ́n kí yín o,” Dúró kọ ọ́.

Mo rò pé àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ni. “Ẹ bá mi kí wọn.”

“Wọ́n ní kí Màmá múra. Tí eré yìí bá ti parí, kí Màmá máa bọ̀.”

Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ kì í gbọ́ iṣẹ́ àgbà kó má jẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó rò ó: “Kò burú. Màá sọ fún wọn.”

Ẹyin lohùn, tèmi ti balẹ̀. Dúró ta tirẹ̀, ó sì lọ.

Ta ló sọ fún un pé mo ní màmá? Nílé wa, ẹnìkan ṣoṣo ni “wọ́n” tó lè ránṣẹ́ sí Màmá. Ó yẹ kẹ́rù bà mí. Mo kàn dìde ni.

Mo ṣílẹ̀kùn yàrá. Màmá ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Gèlè wà lórí wọn, báàgì wà lórí itan.

“Ibo lẹ̀ ń lọ, mà?”

“O ní o máa sọ fún mi. O ò sọ.”

Ọjọ́ kẹta nìyí. Wọn ò bọ́ gèlè, wọn ò jẹun. Dókítà ní kò sóhun tó ṣe wọ́n. Mo fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, fóònù ò gbà: ó ní mo ní eré kan nílẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo ló kù tí ọba mi lè sá sí. Dúró máa pa á níbẹ̀. Tí mi ò bá ta, àkókò á tán, eré á parí bákan náà. Ó ku wákàtí kan. Mi ò ní ẹlòmíì ju Màmá lọ.

“Kòfo, ta á,” ni Màmá wí. “Kò dáa kéèyàn jẹ́ kí àgbà máa dúró dè é.”

Mo di ọwọ́ wọn mú, mi ò fi sílẹ̀.