Orúkọ Tí Dervla Fi Pamọ́

"Má lọ síbẹ̀ yẹn," Fergal sọ, ó na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. "Ilé oògùn tiwọn nìyẹn. Ká wọ bọ́ọ̀sì lọ sí tiwa."

Dervla kàn wò ó. Láti ìgbà tó ti wá láti Galway lo ìsinmi lọ́dọ̀ Àǹtí Philomena ní Belfast, ọ̀rọ̀ tiwa-tiwọn yìí ti sú u. Takisí tiwa, búrẹ́dì tiwọn, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tiwọn. Ògiri gíga tó pín àwọn Kìrìsìtẹ́nì Àgùdà, bíi ìdílé Àǹtí, àti Pùròtẹ́sítáǹtì níyà wà lẹ́yìnkùlé wọn, ilé oògùn náà sì wà lódìkejì rẹ̀. Nínú yàrá, Àǹtí Philomena, ìyá Fergal, ń mí bíi fèrè tó ti sán. Ikọ́ fée ti gbé e, oògùn tó ń fà sẹ́nu sì ti tán. Wọ́n ti pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n ní yóò pẹ́ díẹ̀.

"Bọ́ọ̀sì kẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ bí ìyá ẹ ṣe ń mí ni?"

"Ó dáa, máa lọ. Wọn ò ní pẹ́ ti géètì ògiri fún alẹ́ o. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé Lynsey lo ń jẹ́. Tí wọ́n bá ti gbọ́ Dervla báyìí, wọ́n ti mọ ibi tó o ti wá."

Dervla sáré lọ. Ìyáàfin Hazel Purdy, tó ni ilé oògùn náà, béèrè orúkọ aláìsàn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dúró sẹ́yìn Dervla, wọ́n ń wò ó. Ó rántí ọ̀rọ̀ Fergal.

"Lynsey Boyd ni mí, mà. Àǹtí mi ni, Margaret Boyd."

Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà tí orúkọ àwọn aláìsàn gbogbo ìlú wà nínú rẹ̀ títí. Kò rí i. Ó béèrè ọjọ́ ìbí, ó tún wá a, pàbó ni. Níta, wọ́n ti ń wọ́ géètì pa dé.

Omi bọ́ lójú Dervla. "Irọ́ ni mo pa, mà. Philomena Devenny ni. Ẹ̀yìn ògiri la wà."

Ìyáàfin Purdy mí kanlẹ̀. "Ta ló ń kọ́ yín nírú èyí? Ikọ́ tó gbé èèyàn, ṣé ìjọ ló kọ́kọ́ ń béèrè ni?"

Lójú ẹsẹ̀ ló rí orúkọ náà. Ó mú oògùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. "Wọlé síbẹ̀. Ká yí ìlú po nítorí ògiri oníranù yìí."

Nígbà tí wọ́n dé, ètè Àǹtí Philomena ti ṣú. Ìyáàfin Purdy fúnra rẹ̀ ló fi oògùn sí i lẹ́nu, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí èémí fi bẹ̀rẹ̀ sí í já geere.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Àǹtí ni pé, "Ilé oògùn wo lẹ ti rà á?"

"Tiwọn ni, mà," Dervla dáhùn, inú ń bí i. "Ẹni tó ni ín ló di ọwọ́ yín mú yẹn."

Àǹtí wo obìnrin náà. Kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Fergal tẹ orí mọ́lẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wá gbé Àǹtí sọ pé tí oògùn bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Dervla wọra. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò rìn ju àárín ilé oògùn kan lọ, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó gba ẹ̀mí. Ó wá yé e pé ẹni tó bá fi irọ́ sá fún ọmọnìkejì rẹ̀ ti mọ ògiri tirẹ̀ kún èyí tó wà nílẹ̀.