Ta Ló Da Omi Sínú Epo Japhet?

Ní Odò-Ọwá, píkọ́ọ̀pù Japhet kì í ṣe ti Japhet nìkan. Lóòótọ́, òun ló rà á, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé ọkọ̀, òun náà ló sì ń fi àkísà nu ojú rẹ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ọjà Ilọ́fà bá ti pé, ta ni kò ní ẹrù nínú rẹ̀? Iṣu, ẹ̀gẹ́, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, obìnrin mẹ́fà, àti ewúrẹ́ kan tí kò fẹ́ lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa lásìkò òjò ọdún 1982 mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti kúrò ní ọkọ̀ ẹnì kan.

Dísù ni píkọ́ọ̀pù náà ń mu. Ó lágbára, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń dún gìrìgìrì bí ẹni ń lọ àgbàdo. Adéyẹyè ló ń wà á. Ọmọ ọ̀rẹ́ Japhet tó ti kú ni, ilé Japhet ló sì ti dàgbà. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wa ọkọ̀ náà láìsí ìjà, láìsí aáwọ̀. Ó ti tọrọ Moróhunfọ́lá, ọmọ Elijah ní Òkè-Ọ̀pin, wọ́n sì ti fi ìgbéyàwó náà sí oṣù Kejìlá, nígbà tí iṣu bá ti wọ abà.

Japhet kì í ṣe ahun o, kí n má pa irọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò lè rí ohun tó ń ṣòfò kó dákẹ́. Bó bá jẹ ẹyin tán, á tún yẹ èèpo rẹ̀ wò. Nítorí pé dísù máa ń wọ́n nígbà náà, ó ra odindi àgbá kan láti Ìlọrin, ó sì gbé e nàró sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, níbi tí omi òjò ti ń já bọ́ láti orí páànù.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, àgbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Adéyẹyè fi rọ́bà fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì títí, ó wá yọ rọ́bà náà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí èyí tó kù wà nísàlẹ̀," ó ní. "Ojú rẹ̀ kò mọ́ tó."

"Kí ló kù nísàlẹ̀ tí kì í ṣe epo? Ṣé wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni?"

"Rárá, Bàbá. Mo kàn rò pé…"

"Má rò ó mọ́. Di ẹnu kẹ́ẹ̀gì yẹn mú dáadáa."

Japhet fúnra rẹ̀ gbá ìdí àgbá mú, ó gbé e sókè, ó dà á títí tí kò fi kán mọ́. Wọ́n rọ gbogbo rẹ̀ sínú táǹkì ọkọ̀. Inú Japhet dùn nígbà tó ń wọlé lọ jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ ṣí, wọ́n gbéra. Japhet jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adéyẹyè. Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà Ilọ́fà nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè kan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó tu èéfín funfun, ó gbọ̀n, ó sì kú. Adéyẹyè tiraka títí, kò ṣí. Àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó lórí iṣu wọn.

Mẹkáníìkì kan tó ń gun alùpùpù kọjá dúró ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó tú rọ́bà epo, ó jẹ́ kó ṣàn sínú ìgò funfun kan, ó gbé ìgò náà sórí òkúta. Kò pẹ́ tí ohun inú rẹ̀ pín sí méjì. Dísù wà lókè, omi wà nísàlẹ̀, omi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìgò.

"Omi rèé," ọkùnrin náà sọ. "Ọ̀gá, ẹnì kan ti ta epo yín, ó wá fi omi dí i. Mo ti rí irú rẹ̀ rí."

Leah, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, tí ń ta epo pupa, yíjú sí awakọ̀.

"Adéyẹyè, ìwọ kẹ̀?"

Ojú ti Japhet lójú àwọn èrò rẹ̀, ojú tó tì í yìí ló sì mú kó yára sọ̀rọ̀.

"Ta ló ń fa epo nínú àgbá?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló ń wa ọkọ̀?"

"Èmi náà ni."

"Ṣé èmi ni mo wá da omi sínú epo ara mi?"

"Bàbá, mi ò mọ bí omi ṣe dé ibẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, Bàbá."

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́ ni. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Adéyẹyè na kọ́kọ́rọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí a ṣe ń fún àgbà ní nǹkan. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sí Odò-Ọwá.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn lọ́jọ́ ọjà. Obìnrin mẹ́fà ló gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ọjà fi máa tú, kò sí ìsọ̀ tí kò dé. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Elijah fi ránṣẹ́ láti Òkè-Ọ̀pin pé kí Adéyẹyè má ì tíì wá sílé àwọn ná. Ó ní àwọn kò lè fọmọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ olè ń tẹ̀ lé lẹ́yìn. Kò bú u, kò sì pariwo. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dun Adéyẹyè tó bẹ́ẹ̀.

Susanna, ìyàwó Japhet, kò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá Keziah, ọma tí a tọ́ nínú ulé yìí ni. Éè lè jẹ́ òun."

"Omi kò lẹ́sẹ̀, Susanna. Ẹnì kan ló gbé e débẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú rẹ̀. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá rí lójú yín.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ sí Ilọ́fà, sí ọ̀dọ̀ Àlímì, ọkùnrin Mùsùlùmí kan tó ti fi ogún ọdún tún katakata ṣe. Omi ti ba pọ́ǹpù tí ń ti epo sínú ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí Àlímì tó rí ohun tó máa fi tún un ṣe. Ní gbogbo àkókò yẹn, iṣu ń jẹrà nílé àwọn èèyàn Odò-Ọwá.

Japhet ti ra àgbá dísù mìíràn sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun ti gbọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n já a sílẹ̀, ó ṣí ìdérí, ó fi rọ́bà fa díẹ̀ wò láti ìsàlẹ̀: dísù gidi, kò sí omi níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ dé e padà, ó gbé e nàró síbi tí ti àkọ́kọ́ wà, ó ti ọgbà ẹ̀yìnkùlé pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ ọgbà mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Àní Susanna gan-an ní láti tọrọ ààyè kó tó lọ sá aṣọ.

Nígbà tí ọkọ̀ dára, Àlímì fúnra rẹ̀ ló wà á wá sí Odò-Ọwá. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí. Japhet ṣí ọgbà fún un. Àlímì ń wo orí àgbá náà, níbi tí omi òjò àná ti dúró nínú etí rẹ̀ yípo ìdérí, bí omi inú àwo.

"Ta ló ti fọwọ́ kan àgbá yìí?"

"Èmi nìkan. Kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́rùn mi."

"Kò sí awakọ̀ nílé?"

"Mo ti lé e ṣáájú kí n tó ra èyí."

"Ó dáa." Ó yíjú sí Susanna. "Ẹ bá mi wá ìgò funfun kan, ìyá."

Àlímì nu orí àgbá gbẹ, ó ki rọ́bà bọ inú rẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ó fà á, ó jẹ́ kó ṣàn sínú ìgò. Ó gbé ìgò náà sílẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó. Japhet rí i bí ohun inú ìgò náà ṣe ń pín díẹ̀díẹ̀, omi nísàlẹ̀, dísù lókè.

"Ọ̀gá Japhet," Àlímì bi í jẹ́jẹ́, "ta ló ta epo èyí?"

Japhet fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó tà á," Àlímì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Àgbá máa ń mí. Bí oòrùn bá pa á lọ́sàn-án, inú rẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ á máa jáde lẹ́nu ìdérí. Bí òjò bá wá rọ̀ sí i, tó tutù, á fa èémí wọlé. Bí omi bá dúró sórí ìdérí nígbà yẹn, omi ló máa fà mu. Ìdérí tí a fi ọwọ́ dé kò lè dá a dúró. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí tí á fi pọ̀. Ẹ tún gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀."

"Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń mu epo inú àgbá àkọ́kọ́ tipẹ́, kò ṣe nǹkan kan."

"Torí pé òkè lẹ ti ń fà á. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ọjọ́ tí ẹ bá dorí àgbá kodò nìkan ni á wọ ọkọ̀."

Susanna mi orí.

"Bí a ti í ṣe sí epo pupa náà nìyẹn," ó ní. "Bí a bá bu epo dé ìdí ìkòkò, a kì í dà á délẹ̀, torí omi ni ọ́ wà níbẹ̀. Ọma kékeré mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ éè pè mí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rí, Bàbá Keziah."

Àlímì mú Japhet lọ sídìí ọkọ̀. Ó fi ìdè kékeré kan, bíi nọ́ọ̀tì, hàn án lábẹ́ asẹ́ epo, ó ní ibẹ̀ ni omi máa ń kóra jọ sí, kí ó tó dé pọ́ǹpù, pé ó yẹ kí a máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí omi lè jáde.

"Ìgbà wo lẹ tú u kẹ́yìn?"

"Adéyẹyè fẹ́ máa tú u," Japhet dáhùn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé ó ń da epo nù."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe é, ìtìjú sì mú un. Ó rántí ẹni tó ní kí wọ́n fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ó sì rántí ẹni tó gbé ìdí àgbá sókè.

Oko olóko ló ti bá Adéyẹyè, níbi tó ti ń kọ ebè gba owó. Japhet ṣí fìlà. Ó ròyìn gbogbo ohun tí Àlímì fi hàn án, kò fi ìkankan pa mọ́.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, ọma mi. Kọ́kọ́rọ́ rẹ rèé."

Adéyẹyè fara ti ọkọ́ rẹ̀. Kò gba kọ́kọ́rọ́.

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà lẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi, lójú gbogbo ayé. Àárín ebè lẹ wá ti ń dá a padà."

Japhet mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Japhet dúró láàárín àwọn obìnrin tó ń di ẹrù, ó ní kí wọ́n fetí sí òun. Ó ní, "Èmi ni mo da omi sínú epo ara mi. Adéyẹyè kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́. Kò jí ohunkóhun." Lẹ́yìn náà ó mú Àlímì dání, wọ́n lọ sí Òkè-Ọ̀pin, ó sì tún un sọ lójú Elijah àti àwọn ẹbí rẹ̀. Leah, ẹni tó kọ́kọ́ bi Adéyẹyè léèrè lójú ọ̀nà, tẹ̀ lé wọn lọ láìsí ẹni tó pè é.

Elijah gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí éè rọrùn fún àgbà láti sọ," ó ní. "Ẹ ní kí ọma náà wá."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní oṣù Kejìlá, bí wọ́n ti dá a. Japhet ló fi ọkọ̀ gbé ìyàwó. Adéyẹyè kí i dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì sí ìkùnsínú lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Japhet tún na kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù sí i lọ́sẹ̀ kejì, ó mi orí.

"Mo ti dárí jì yín, Bàbá. Àmọ́ bí táyà bá jò lọ́la, tí búrékì bá le, màá kọ́kọ́ máa wo ojú yín ni. Awakọ̀ kò lè máa wo ojú ọ̀gá kó tún máa wo ọ̀nà."

Ó lọ ń wa ọkọ̀ fún ẹlòmíràn ní Ilọ́fà. Japhet rí awakọ̀ mìíràn gbà, kò sì rí Adéyẹyè mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ dísù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó di irú èyí sí yín lọ́wọ́. Ẹ má gbé àgbá epo nàró síta. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lórí igi méjì, lábẹ́ òrùlé tí òjò kò dé, kí ìdérí rẹ̀ méjèèjì, ńlá àti kékeré, wà lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ẹ bá yí i láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ fún un ní ọjọ́ kan kó tòrò kí ẹ tó fa nínú rẹ̀. Ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe òfò. Aṣọ tó mọ́ ni kí ẹ fi sẹ́ epo sínú táǹkì, ẹ sì rọ ọ́ kún nírọ̀lẹ́, torí táǹkì tó ṣófo mọ́jú máa ń làágùn nínú. Ìdè abẹ́ asẹ́ epo ńkọ́? Ẹ máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lásìkò òjò pàápàá. Awakọ̀ yín mọ̀ ọ́n; ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí omi nínú epo lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ lọ wo àgbá yín kí ẹ tó wo ojú ẹnikẹ́ni. Mẹkáníìkì lè tún pọ́ǹpù ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èyí tó bá bàjẹ́ láàárín ẹ̀yin àti awakọ̀ yín, kò sí mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ilọ́fà, kò sì sí ní Ìlọrin.