Ẹ Má Fi Oògùn Kòkó Bá Ológbò Wí

Oòrùn ti yọ dáadáa ní Àgọ́ Aláyè, gbogbo ojúde sì ti kún fún kòkó tí wọ́n sá. Oyèdèjì, àgbẹ̀ tó ti Ìwó wá dáko níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹní kòkó tirẹ̀, ó ń tú u síwá sẹ́yìn. Lójijì, ó fọwọ́ dí imú.

"Ó tún ti ṣe é! Fadékẹ́, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ológbò rẹ!"

Fadékẹ́, ìyàwó rẹ̀, jáde láti ilé ìdáná. Àìná, ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, rọ̀ mọ́ ìró rẹ̀.

"Ṣé ó yàgbẹ́ síbẹ̀ ni?"

"Ó yàgbẹ́, ó tún fi kòkó bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ta ló fẹ́ ra kòkó tó ń rùn?"

Ṣọ́lé ni wọ́n ń pe ológbò náà. Kó tó dé ilé yẹn, eku a máa jẹ Àìná ní gìgísẹ̀ lóru, a sì máa fẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí Ṣọ́lé ti wọlé ni ọmọ náà ti ń sùn àsùnpiyè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni ológbò náà ń sùn sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ yìí ti sú Oyèdèjì. Ó ti na Ṣọ́lé, ó ti ki imú rẹ̀ bọ inú ìgbẹ́, kò yí padà. Ohun tó kàn rí gbà ni pé ológbò bẹ̀rẹ̀ sí sá fún un, ó sì tún fi abẹ́ ibùsùn kún orí kòkó. Ẹni tó bá ti gbà pé olórí kunkun lòun ń bá jà kì í bèèrè ìdí ọ̀rọ̀. Oyèdèjì kò bèèrè.

Ó wọ yàrá, ó gbé ìgò oògùn tí wọ́n fi ń fín igi kòkó jáde.

"Díẹ̀ ni màá wọ́n sórí kòkó yìí. Bó bá ti gbóòórùn rẹ̀, kò ní dé ibẹ̀ mọ́."

"Bàbá Àìná, ara mi ò gbà á o."

"Ṣebí oògùn kòkó ni? Kí ni oògùn kòkó fẹ́ fi kòkó ṣe?"

Ibi tó ti ń ṣí ìdérí ìgò ni Àlàájà Jàmíátù ti bá wọn. Ìrẹsì ni obìnrin yìí ń tà ní Òrè, ọ̀dọ̀ Fadékẹ́ ló sì ti máa ń ra gàrí. Láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ti jẹ́ kí ìrẹsì òkèèrè kún ọjà, eku Òrè náà ti mọ adùn rẹ̀, ológbò méjì ló ń bá Àlàájà ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ dúró ná! Bàbá Àìná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé ìgò yẹn."

"Àlàájà, mi ò fẹ́ pa á o. Mo kàn fẹ́ lé e ni."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó."

Ṣọ́lé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ahọ́n lá ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi bọ̀rọ̀kìnní.

"Gbogbo ohun tó bá tẹ̀ ló ń lá. Bó bá tẹ oògùn yẹn, inú rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ta ni yóò sì tún gbé ara olóògùn yẹn lọ sùn sí?"

Oyèdèjì yíjú wo ọmọ rẹ̀. Àìná ti tẹ̀ ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó ti mú hóró kòkó kan, ó ti jù ú sẹ́nu.

Fadékẹ́ fò dé ibẹ̀, ó fi ìka yọ ọ́ jáde. Kòkó lásán ni. Oògùn kò tíì kán sí i.

 Oyèdèjì dé ìgò náà pinpin. "Ọlọ́run, mo dúpẹ́," ló ń wí ṣáá. Ta ni kò ní dúpẹ́?

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ Àlàájà pé, "Kí wá ni kí n ṣe sí ọ̀daràn yìí?"

"Kì í ṣe ọ̀daràn. Bí wọ́n ṣe dá ológbò nìyẹn: ilẹ̀ tó rọ̀ ló ń wá, kó wa á, kó yàgbẹ́, kó bò ó. Ẹ wo ojúde yín. Ẹ ti gbá a, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ le koko nítorí kòkó. Kí ló kù tó rọ̀?"

Oyèdèjì wo ilẹ̀, ó wo ẹní, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kòkó nìkan ni! Àṣé èmi ni mo kọ́ ọ!"

"Ẹ wá páànù tó ti gbó, ẹ bu yanrìn gbígbẹ sí i, kẹ́ ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tó dákẹ́, kó jìnnà sí ibi tó ti ń jẹun. Bó bá jẹun tán, tàbí tó bá jí lójú oorun, ẹ rọra gbé e síbẹ̀. Bó bá lò ó, ẹ yìn ín, ẹ fún un ní ẹja díẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

"Bó bá wá ṣe é síbòmíràn ńkọ́?" Fadékẹ́ ló béèrè.

"Ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ dáadáa, torí òórùn yẹn ló ń pè é padà. Ẹ má nà án. Kò mọ̀ pé torí ìgbẹ́ ni. Ohun tó mọ̀ ni pé Bàbá Àìná lèèyàn ń sá fún."

Oyèdèjì họ orí. "Mo tún máa ń febi pa á, kó lè pa eku."

"Ó mà ṣe o! Ológbò tó yó náà ń pa eku. Èyí tébi ń pa, ẹja inú ọbẹ̀ yín ló ń ṣọ́."

Wọ́n da kòkó tó bàjẹ́ nù. Oyèdèjì fúnra rẹ̀ ló lọ bu yanrìn létí odò. Ṣọ́lé gbóòórùn páànù náà, ó kẹ̀yìn sí i, ó lọ jókòó. Oyèdèjì fẹ́ bú u, ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó gbé èébú mì. Wọ́n ń fi sùúrù gbé e padà síbẹ̀, títí tó fi ń dá lọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Àlàájà tún wá ra gàrí, kòkó ti gbẹ, kò rùn. Ohùn Oyèdèjì ló gbọ́ lẹ́yìnkùlé: "Ṣọ́lé, o káre! Ọmọ dáadáa!"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má fi oògùn oko lé ẹran ilé. Inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí oògùn náà wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ológbò lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́. Aláboyún kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kó o, torí àìsàn inú ìgbẹ́ náà lè pa ọmọ inú rẹ̀ lára. Ẹ gbé ológbò yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Kẹ́ ẹ tó pè é ní olórí kunkun, ẹ kọ́kọ́ wo ilé yín yí ká: ibo lẹ fi sílẹ̀ fún un?