Ẹ Jẹ́ Kó Sinmi Nínú Báàgì Ná

Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Oníkámẹ́rà, kò tíì dúró dáadáa tó fi sùn lọ.

Kì í ṣe àsọdùn o. Ó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ láti ọsibítù, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń ké bí ọmọ ológbò. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti káńtà onígíláàsì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ń wá kámẹ́rà tí mo lè gbé wọ ọkọ̀ ojú omi. Èmi àti màmá mi fẹ́ rìnrìn àjò afẹ́ lórí òkun."

Ẹni tó bá bi Oníkámẹ́rà léèrè nípa kámẹ́rà ti ṣí ẹ̀rọ omi tí kò ṣeé tì. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti lẹ́ńsì gígùn tó lè fa ẹyẹ ojú ọ̀run sún mọ́ni. Ó sọ ti èyí tó fẹ̀, tó lè gba gbogbo etíkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sọ ti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun, tó ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ó wá dé ibi tó dùn mọ́ ọn jù.

"Àǹtí, ohun tó ń ba fọ́tò àwọn arìnrìn-àjò jẹ́ jù nìyí. Ẹ̀rọ amúlétutù á ti mú kámẹ́rà tutù nini nínú yàrá. Ẹ̀yin á sáré gbé e jáde sínú ooru. Kí ló máa ṣe? Á làágùn! Ojú rẹ̀ á ṣú, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ má fipá nù ún o. Ẹ jẹ́ kó sinmi nínú báàgì ná, kí ara rẹ̀ máa móoru díẹ̀díẹ̀, kó tó jáde. Ṣé ó yé yín?"

Nọ́ọ̀sì fi híhanrun dá a lóhùn.

Ó ti gbé orí lé káńtà. Oníkámẹ́rà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fẹ́ fi nǹkan bò ó, ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni èyí tí wọ́n fi ń nu lẹ́ńsì, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó tẹ́ ẹ sí i léjìká. Ó fi báàgì kámẹ́rà tuntun rọ ọ́ lórí. Ó wá fa àga, ó jókòó, ó ń ṣọ́ ọ.

"Kí nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Káńtà. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú, kò sì sí obìnrin tí ọkùnrin náà mú wálé rí tí kò rí àbùkù sí. Ọ̀kan ga jù. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀kan kò ní àbùkù rárá, ó ní ìyẹn gan-an ló ń fu òun lára.

"Oníbàárà ni," Oníkámẹ́rà fọhùn kẹ́lẹ́.

"Oníbàárà àbí àlejò? Ṣé hòtẹ́ẹ̀lì la ṣí síbí ni?"

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Èmi náà, ó ti rẹ̀ mí. Ta ló fi báàgì rọ mí lórí rí?"

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì jí, ojú tì í débi pé ó fẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ yín."

"Kò séwu," ọkùnrin náà wí. "Ohun tí mo ní kí kámẹ́rà ṣe ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe. Ẹ sinmi lórí báàgì kí ẹ tó jáde."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé aláìsàn kan ló fẹ́ fi tù nínú.

Bó ṣe di pé ó ń yà síbẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn, tó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kó tó lọ sílé lọ bá Màmá Tíṣà. Ìyá rẹ̀ ni Màmá Tíṣà, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti fi ọ̀pá tọ́ka sí òkun lórí máàpù fún àwọn ọmọ iléèwé títí orúnkún rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀, kò sì fẹsẹ̀ kan omi iyọ̀ rí. Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá ni Nọ́ọ̀sì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti ṣèlérí fún un: "Màmá, màá mú yín dé orí òkun." Láti ìgbà náà ló ti ń gba iṣẹ́ alẹ́ mọ́ tọ̀sán. Ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé tó bá dúró de iná pupa kó tó sọdá títì, ẹni ẹ̀yìn ló máa ń fọwọ́ kàn án kó tó jí.

Oníkámẹ́rà bá a ṣètò ìrìn àjò náà bí ẹni pé òun náà ń lọ. Ṣùgbọ́n irú òǹtajà wo nìyí? Gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì bá nawọ́ sí ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má ra ìyẹn, ó wúwo. O gbé aláìsàn, o gbé Màmá, o tún fẹ́ gbé òkúta kọ́rùn?"

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn wà fún àwọn tó fẹ́ kí wọ́n rí i lọ́rùn àwọn. Kékeré tó ní lẹ́ńsì kan tó ń nà tó ń sún ló yẹ ọ́. Bátìrì kejì. Ọ̀rá tí òjò kò lè wọ̀. Ó tán."

"Àbúrò mi," Ọ̀gá Káńtà ké láti ìdí owó, "tí a bá kó wọ ilé àánú, kí o rántí ọjọ́ òní!"

Oníkámẹ́rà ya àwòrán ọkọ̀ náà sẹ́yìn páálí kan, ó fi ìka hàn án. Kí wọ́n gba yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Kó sún mọ́ ẹ̀rọ agbéniròkè, nítorí orúnkún Màmá. "Ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ àárọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀. Ìfẹ́ ti wọlé, ó ti jókòó, ó ti bọ́ bàtà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ọkùnrin náà gbé kámẹ́rà sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì mi, tí o bá ti òkun dé, jọ̀ọ́, fẹ́ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí o bá ti wọlé, ojú mi a máa ríran kedere."

Omijé lé sójú obìnrin náà. "Olólùfẹ́ mi, ó máa ń rẹ̀ mí. Sísùn ni wàá máa wò."

"Ìgbà wo ni mo rí ọ rí tí o ò sùn?"

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Ọ̀gá Káńtà ti gbọ́. Kó tó di ọ̀sán ó ti dé ilé Màmá Tíṣà. "Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín! Àbúrò mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ọsibítù!"

"Ọmọ mi?" Màmá Tíṣà gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Àbúrò yín tó ń fi gíláàsì wo ọmọ ọlọ́mọ ni kí ẹ kìlọ̀ fún!"

Wọ́n ṣépè. Wọ́n fọwọ́ sọ̀yà. Nígbà tó sú wọn, wọ́n rí i pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wí: àwọn kò fẹ́ ìgbéyàwó náà. Màmá Tíṣà bá gbé tíì kaná. Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni Ọ̀gá Káńtà ń wá síbẹ̀, kí wọ́n lè gbèrò bí wọn yóò ṣe tú àwọn olólùfẹ́ náà ká.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì délé lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ na gbalaja sórí àga gígùn, ó dijú. "Mo ń kú lọ o."

Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ́tí. "Màmá, iṣan yín ń lù bíi ti ẹni tó fẹ́ sáré ìje."

Ojú kan là. "Bí o bá fẹ́ ọkùnrin yẹn, èmi kò bá ọ wọ ọkọ̀ kankan. N óò kú sílé láìrí òkun, kí ó wá fi kámẹ́rà rẹ̀ ya òkú mi. Mú ọ̀kan: òun àbí òkun."

Nọ́ọ̀sì kò ní agbára láti jà. Ẹni tó rẹ̀ kì í jà, ṣe ló ń gbà. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ara ìgò oògùn. Oníkámẹ́rà kò bẹ̀ ẹ́, kò bú u. Ó kó kámẹ́rà kékeré náà, bátìrì kejì àti ọ̀rá òjò sínú báàgì, ó fà á lé e lọ́wọ́.

"Má gbàgbé o. Kó sinmi nínú báàgì ná."

"Ẹ ṣé, sà."

Ẹ wo "sà" yẹn! Obìnrin tó ti fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo ìlú kò tíì gún ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó di ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra. Nọ́ọ̀sì ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wọlé pé kí òun wá di ẹrù. Ó bá Ọ̀gá Káńtà níwájú dígí, tó dé fìlà oòrùn Nọ́ọ̀sì. Fìlà tirẹ̀, tí ó rà fún òkun!

"Káàbọ̀," Màmá Tíṣà wí, kò wò ó lójú. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ní kí wọ́n fi orúkọ ọ̀rẹ́ mi rọ́pò tìrẹ. Òun ló máa bá mi lọ. Ìwọ kì í bá mi sọ̀rọ̀, o kàn máa ń sùn ni."

Ẹ̀yin ará, ibi tí wọ́n ti ń gbèrò bí wọn yóò ṣe ya olólùfẹ́ méjì ni àwọn gan-an ti di kòríkòsùn!

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún láìdúró mí.

"Màmá, mo fi ọkùnrin sílẹ̀ nítorí òkun yìí. Ẹ sì ti fi òkun yìí fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ó ti rẹ̀ mí, Màmá. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ṣé mo fẹ́ òkun. Mi ò fẹ́ ẹ. Oorun ni mo fẹ́. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, orí káńtà yẹn nìkan ni mo ti sùn tí mi ò lálàá pé ẹnì kan ń pè mí."

Ọ̀gá Káńtà rọra ṣí fìlà lórí.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Mo rí i. Ó sùn bí ìkókó. Àbúrò mi ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ iná kí ó má kú. Inú bí mi, torí pé ilé máa dá tí ó bá lọ."

Màmá Tíṣà ń fi ọ̀pá ya òkun tí a kò rí sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Èmi náà, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tí o bá ní ọkọ, mi ò ní ẹnì kankan mọ́." Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tuntun. "Ọlọ́run mọ bó ṣe ń ṣe é. Dìde, ọmọ mi. Lọ sùn."

Ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní èbúté, ọkọ̀ ga bí òkè. Nọ́ọ̀sì gbé ẹrù àwọn àgbà méjèèjì àti báàgì kámẹ́rà dé ìdí àtẹ̀gùn, ó ti pinnu pé láti ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni tààrà. Ó yíjú. Ta ló rí? Oníkámẹ́rà ni, ó gbé àpótí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo ti gba yàrá. Èyí tó kéré jù, kò ní fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà. Mi ò ní dà yín láàmú. Mo kàn fẹ́ wà níbi tí o wà ni."

"Mi ò lọ mọ́."

Ó wo ọkọ̀. Ó wo obìnrin náà. Ó sọ àpótí kalẹ̀. "Èmi náà ò lọ mọ́."

"Owó yàrá ńkọ́?" Ohùn kan bú jáde láti òkè àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Káńtà nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ẹ padà sílé. Ṣùgbọ́n, ìyàwó wa, ìwọ ni kí o jókòó ti káńtà o! Má jẹ́ kó lé oníbàárà!"

Ìyàwó wa! Gbogbo èbúté ló gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù Oníkámẹ́rà. Gbogbo rẹ̀ funfun báláú, bí ẹni fi lẹ́ńsì bọ wàrà. Kò pẹ́ tí ìpè tẹ̀lé e.

"Kámẹ́rà yín ti fọ́!" Ọ̀gá Káńtà ń pariwo.

"Òkun tí mo ti ń retí látọjọ́ yìí!" Màmá Tíṣà gba fóònù. "Ìkùukùu nìkan la rí yà!"

"Màmá, ṣé inú yàrá lẹ ti gbé e jáde sínú oòrùn tààrà?"

"Ibo la tún fẹ́ gbé e gbà?"

"Ẹ jẹ́ kó sinmi nínú báàgì ná, Màmá."

"Mo gbọ́. Ọmọ mi dà? Fún un ní fóònù."

Oníkámẹ́rà bojú wo káńtà. Nọ́ọ̀sì ti sùn, ó gbórí lé báàgì kámẹ́rà mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe aṣọ lẹ́ńsì ló bò ó. Bùláńkẹ́ẹ̀tì gidi ni, èyí tí ọkùnrin náà ti rà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé, tó tọ́jú sábẹ́ káńtà, tí kò nígboyà láti mú jáde.

"Ó ń sinmi, Màmá. Kò tíì tó àkókò tó máa jáde."

Lọ́dọ̀ àwọn tòkun, ìgbì ń dún.

"Má jí i," ìyá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Tó bá jí, sọ fún un pé èmi ni mo ní kó fẹ́ ọ."

"Mo gbọ́, Màmá," Nọ́ọ̀sì wí láìlajú. Ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí báàgì, ó sì bá oorun rẹ̀ lọ.