Òróró Tó Ní Òun Yóò Dá Ewú Padà Sí Dúdú

Láti àárọ̀ ni Bi Mwanaheri, ìyá bàbá mi, ti wé leso, aṣọ ìborí rẹ̀, mọ́ orí, tó dojú kọ ògiri. Ní erékùṣù Lamu níbí, ìta nìkan la ti ń bo orí. Inú ilé la wà yìí, kò sì ṣí i.

"Ìyá àgbà, ẹ mu tíì díẹ̀."

"Gbé e síbẹ̀. Má wò mí."

Ọ̀la ni Salha máa jókòó bí ìyàwó tuntun, kí àwọn obìnrin wá wò ó. Ìyá àgbà ni somo rẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ọ ní ìwà ilé ọkọ. Lọ́jọ́ náà, somo gbọ́dọ̀ ṣí orí láàárín àwọn obìnrin, kí wọ́n fi òdòdó sí irun rẹ̀, kó tó fọwọ́ kan ti ìyàwó.

Oṣù tó kọjá, ṣàdédé ni ewú Ìyá àgbà di dúdú. Bi Asya, ìyá Salha, bi í bóyá aró ló kùn.

"Aró kẹ̀? Òróró lásán ni. Láti gbòǹgbò ni irun mi ti padà."

"Ẹ ti kéré sí mi nìyẹn. Màá máa pè yín ní àbúrò."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà yangàn lọ sílé.

Kò pẹ́ tí funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́, bí iyọ̀ etí òkun. Ojú tì í. Lálẹ́ àná, ó tún fi òróró náà ra orí, ó sì po piko mọ́ ọn, aró dúdú tí wọ́n fi ń ya òdòdó sí ọwọ́ ìyàwó. Ó ní ohun tó lè lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ tó bẹ́ẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ orí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orí ti wú, ó ń ṣomi.

Nígbà tí mo rí omi tó ń jò nínú leso, mo sá lọ pe Shamsa, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó rọra tú leso náà, ó gbóòórùn ìgò òróró náà.

"Òórùn piko ti wà nínú òróró yìí tẹ́lẹ̀, Ìyá. Aró ni wọ́n tà fún yín."

"Ẹni tó tà á ní ó ń jí gbòǹgbò ni."

"Gbòǹgbò ló ń ṣe dúdú irun lóòótọ́. Tí ọjọ́ orí bá ti mú kó jáwọ́, kò sí òróró tó lè jí i. Nígbà míì, àìsàn tàbí ohun tó kù díẹ̀ nínú oúnjẹ wa ló ń mú ewú yá. Tí wọ́n bá tọ́jú ìyẹn, díẹ̀ lè padà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ìgò. Ẹ dìde ká lọ sí ibùdó ìlera, ojú yín ti ń wú."

Ìyá àgbà kò dìde.

"Salha ní ewú díẹ̀ níwájú orí," ó ní, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. "Ìyá ẹ̀ ti ra ìgò méjì. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa fi ra á lórí. Èmi ni mo júwe ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí wọn."

"Wọn ò ní gbà. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Orí mi ni wọ́n máa rí."

Ká tó dé ibùdó ìlera, a kọ́kọ́ yà sí ilé Bi Asya. Àwọn obìnrin ń ha àgbọn fún ìrẹsì. Ìyá àgbà bọ́ buibui rẹ̀, aṣọ dúdú tó fi bo ara, ó tú leso. Gbogbo ọwọ́ dúró.

"Ẹ wò ó dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Ewú mi ò padà rí."

Mo ń retí ẹ̀sín láti ẹnu Bi Asya. Ó wọlé, ó gbé ìgò méjèèjì jáde, ó kó wọn lé Shamsa lọ́wọ́. Ọ̀kan ti ṣí. Òróró rẹ̀ kò tíì dín.

Lọ́jọ́ kejì, oògùn wà lórí Ìyá àgbà, òdòdó kò ṣeé fi síbẹ̀. Salha mú òdòdó jásímínì náà, ó há a sí ejìká somo rẹ̀. Ewú tirẹ̀ hàn gbangba níwájú orí bó ṣe tẹrí ba fún un.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa, ewú ọjọ́ orí kì í padà di dúdú. Ẹni tó bá ní òróró òun á dá a padà ń tan yín ni. Bí ewú bá yára bo ọ̀dọ́, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ẹ bá fẹ́ kun aró irun, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ fún ọjọ́ méjì. Tó bá yún yín, ẹ dà á nù. Ẹ má fi piko kan ara rárá. Bí ojú bá wú tàbí mímí nira, ẹ má sá pamọ́ nítorí ìtìjú, ẹ lọ sí ibùdó ìlera kíá.

Bí ẹ bá sì ti júwe irú ìgò bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì, ẹ padà lọ sọ òótọ́ fún un. Ìtìjú yẹn kéré sí egbò lórí ọmọ ọlọ́mọ.