Gíà Ẹni-Àmì-Òróró

"Gùrùrùrù! Kẹ̀ù! Kẹ̀ù! Kẹ̀ùùù!"

Ẹ má sá. Kì í ṣe kìnnìún ló já wọ Festac. Bàbá mi ló ń yí gíà ọkọ̀ rẹ̀ sí ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, òótọ́ tí mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí. Bí ọkọ̀ yẹn bá ti ké láàárọ̀, gbogbo àkùkọ àdúgbò wa á panu mọ́, wọ́n á ní ẹni tó jù wọ́n lọ ti kọ. Àwọn ará Mazamaza á máa ká aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n á rò pé òjò ń bọ̀. Eyín àtọwọ́dá Màmá Dorothy, tó ń gbé ilé kejì, á sì máa dá jó nínú ife omi. Àwa ọmọ àdúgbò sọ ọkọ̀ náà ní "Ìkéde".

"Dádì, gíà yìí ń sunkún o."

"Orin ló ń kọ, Dammy." Bàbá mi á sì yí rédíò sókè.

Ọdún márùndínlógójì ni bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá, fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìdí fáìlì ló jókòó sí, fáìlì ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Gbogbo nǹkan ilé wa ló ní bébà lára: IYỌ̀. ṢÚGÀ. ÌṢÓ KÉKERÉ. Bí ológbò wa bá sùn pẹ́ jù, bàbá mi á fẹ́ẹ̀ lẹ bébà mọ́ ọn. Ìwà rẹ̀ kejì ni pé kì í fẹ́ da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá. Gbogbo Èkó ń sọ pé "ọ́ìlì gíà", òun nìkan ló ń sọ pé "òróró gíà". Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí o. Òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Òun àti èmi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Ìkéde ké títí, kò lè lọ mọ́. Bàbá mi pe Bọ̀dá Tòkunbọ̀, mẹkáníìkì tí kò tíì lò ju oṣù méjì lọ ní yáàdì Kuje nítòsí wa. Bọ̀dá Tòkunbọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni à ń rí.

"Dádì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró ti gbó," ló ń sọ láti ìsàlẹ̀. "Ọ́ìlì ti jò tán. Eyín gíà wá ń fi gbígbẹ jẹ ara wọn."

Ó pààrọ̀ rọ́bà náà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, èmi àti Lilian, ọ̀rẹ́ mi, ń fi ẹnu sín ìró gíà jẹ, a ń gbà á sínú fóònù. Bọ̀dá Tòkunbọ̀ rẹ́rìn-ín títí orí rẹ̀ fi kọ lu irin.

"Dammy, tìẹ ló jọ gíà jù! Bí mo bá sùn, n ò ní mọ ìyàtọ̀!"

Inú mi dùn débi pé mo ga sí i ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan.

Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Dádì, ó ku ọ́ìlì. Ṣé kí n bá yín dà á?"

"Èmi fúnra mi máa dà á. Ṣé ìyẹn náà gba ìwé ẹ̀rí ni?"

Bọ̀dá Tòkunbọ̀ bá padà sí Kuje.

Òróró gíà wà nílẹ̀. Bàbá mi ti lọ bù ú wá láti inú dúrọ́ọ̀mù ní Mazamaza, inú ìgò òróró ẹ̀pà tó ti ṣófo ló bù ú sí. Láàárọ̀ yẹn kan náà, màmá mi, tó jẹ́ díkónẹ́ẹ̀sì, ti da òróró ólífì tí wọ́n máa lò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì sínú ìgò mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀. Ìgò méjì, àwọ̀ kan, bí ìbejì lórí tábìlì kíṣíìnì.

"Dammy," bàbá mi pè mí, ọ̀fìnkìn ti dí i nímú, "kọ orúkọ wọn sí wọn lára. Òróró gíà nìyí. Òróró àdúrà nìyí. Hẹ́tííṣọ̀!"

Lilian ti ń pè mí níta pé fóònù ti fẹ́ kú, kí n wá ké gíà ìkẹyìn. Mo mú báírò. Mo kọ ÒRÓRÓ sí ọ̀kan. Mo kọ ÒRÓRÓ sí ìkejì. Ìdá kejì ọ̀rọ̀ náà, mo fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

"Ṣé o kọ ọ́ tán ni?" Lilian bi mí.

"Ṣé mo purọ́ ni? Òróró ni méjèèjì. Ẹni tó bá nímú, kó gbọ́ òórùn ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi, tí kò ní imú lọ́jọ́ yẹn, gbé ìgò tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ki àrọ bọ ihò gíà, ó dà á sí i, ó sì di ihò náà pa.

Ní ọjọ́ Sunday, Ìkéde gbé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ariwo tuntun. Bàbá mi ní rọ́bà tuntun ló ń mọ ilé. Nígbà tí àkókò òróró dé, Pásítọ̀ Ọláoyè ki ìka bọ ìgò màmá mi, ó fi kan iwájú orí Bọ̀dá Clement, ẹni tó kọ́kọ́ jáde. Kíá ni òórùn kan dìde. Ẹ̀yin tó ti gbọ́ òórùn ọ́ìlì gíà rí mọ̀ ọ́n: bí ẹyin tó ti bàjẹ́ láti inú ọkọ̀ Nóà. Fèrèsé tó wà ní títì ṣí ara rẹ̀.

"Ó ń jáde!" Màmá Dorothy pariwo. "Ẹ̀mí burúkú ń jáde lára Clement!"

"Jáde lọ!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Bó ṣe ń kan àwọn èèyàn síwájú sí i, bẹ́ẹ̀ ni òórùn ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ariwo "Jáde lọ!" ń le sí i. Nígbà tó kan bàbá mi, "Àmín" rẹ̀ dé Badagry. Nígbà tó kan èmi, òórùn náà gba imú wọlé, ó gba ọmọ ìka ẹsẹ̀ jáde. Mo rántí ìgò méjì.

"Dammy," Lilian, tó wà lẹ́yìn mi, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé kì í ṣe..."

"Òun ni."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ta ló mọ̀?"

Mo sì dákẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi ò tiẹ̀ dé ilé. Ní Apple Junction, bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, Ìkéde ké igbe tí mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ó sì dúró gbagidi.

Bàbá mi fi ìbínú pe Ọ̀gá Charles, olórí àwọn mẹkáníìkì Kuje. Kò pẹ́, òun àti Bọ̀dá Tòkunbọ̀ fi kẹ̀kẹ́ márúwá dé.

"Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín!" bàbá mi wí. "Àná ló tún un ṣe, òní ló bàjẹ́!"

"Dádì, mo ṣe é dáadáa, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Tòkunbọ̀," Ọ̀gá Charles dá a lẹ́nu, "kí ni mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí mo gbà ẹ́? Ẹni tó bá ba ọkọ̀ oníbàárà jẹ́, kò sí àyè fún un ní yáàdì mi. Lọ kó ẹrù ẹ kúrò."

Bọ̀dá Tòkunbọ̀ jókòó sí bèbè gọ́tà, ó ń nu àwọn sípánà tó mú wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú àpò. Ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín títí lánàá yẹn ni o. Lilian, tó bá wa wọkọ̀, tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ kí n má sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi wú bí búrẹ́dì.

Sípánà kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀ nígbà tí mo la ẹnu.

"Dádì! Èmi ni mo ba gíà jẹ́!"

Gbogbo Apple Junction yíjú sí mi. Mo jẹ́wọ́ láti orí báírò dé orí ìgò. Mi ò tiẹ̀ fi iyọ̀ sí i.

Bọ̀dá Tòkunbọ̀ ò dúró gbọ́ parí. Ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó tú ihò gíà, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò.

"Ọ̀gá! Èyí ṣeé fi dín ẹyin!"

"Ibo wá ni ọ́ìlì gíà wà?" Ọ̀gá Charles bèèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú. Ó rìn díẹ̀díẹ̀ sún mọ́ bàbá mi, ó tẹ̀ síwájú, ó fa imú lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Iwájú orí yín ló wà."

Màmá mi gbá orí ara rẹ̀ mú. "Hẹn-ẹ̀n! Abájọ! Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ Clement ló ń rùn!"

Bàbá mi sín, ó wo màmá mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ méjì fi fò dé Mile 2. Lẹ́yìn náà ó di Bọ̀dá Tòkunbọ̀ mú léjìká.

"Ọmọ mi, má bínú. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo gbọ́ tèmi, mi ò gbọ́ tìẹ."

Ọ̀gá Charles fọwọ́ ara rẹ̀ tú sípánà inú àpò náà sílẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé a fi ọkọ̀ yẹn rìn jìnnà ni, irin àlòkù lásán ni gíà náà ì bá dà.

Ẹ má rò pé mo lọ láìjìyà. Ilé mọ́kànlélógójì ni màmá mi mú mi yí ká láti tọrọ àforíjì, mo sì fọ gbogbo gèlè àti fìlà tí òróró kàn. Pásítọ̀ Ọláoyè ní òun ti dárí jì mí, pé láti ọjọ́ náà, ìka òun ń yí láìdún. Màmá Dorothy ò gbà pé kò sí ẹ̀mí burúkú níbẹ̀. Ẹ̀fọ́rí òun ti lọ, ó ní ṣé ó ṣẹ́kù nínú ìgò?

Bọ̀dá Tòkunbọ̀ fọ gíà náà mọ́, ó da ojúlówó ọ́ìlì sí i. Báyìí, Ìkéde ń lọ jẹ́jẹ́ bí ológbò tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn àkùkọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi sì ń fi yangàn káàkiri Amuwo-Odofin: "Ta ló tún ní gíà tó jẹ́ ẹni-àmì-òróró?"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, eré dára, mi ò sì tíì fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín, ẹ jẹ́ ẹ délẹ̀. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ, kó tó di ẹrù sórí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹsẹ̀ yín nìkan ló máa wú.

Bí mo ṣe jí lọ́jọ́ tó tẹ̀lé ìjẹ́wọ́ yẹn, mo rí bébà tuntun lára ilẹ̀kùn yàrá mi. Bàbá mi ló kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ gún régé:

DAMMY. Ẹ KỌ́KỌ́ GBỌ́ ÒÓRÙN RẸ̀ KÍ Ẹ TÓ LÒ Ó.